Ẹ Fẹ́ Ṣèwádìí Lórí Egbòogi? Ọjà Ni Ẹ Ó Ti Bẹ̀rẹ̀, Kì Í Ṣe Láàbù

Gbogbo ìgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọ ọdún àṣekágbá ni fóònù mi kì í sinmi mọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá: "Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi àgbà mọ ewé kan tó ń wo ibà. Mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?" Mo ti dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kó gbogbo rẹ̀ jọ síbì kan.

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn wà nínú ewé, eépo tàbí egbò kan lóòótọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èyí kì í ṣe ìlànà àgbo sísè fún aláìsàn. Bí ibà bá ń ṣe yín lọ́wọ́ báyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ná.

Awópa ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Igi igbó ni. Eépo rẹ̀ wà nínú àgbo ibà káàkiri ilẹ̀ wa, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ata ilẹ̀ pupa, ó sì korò bíi jogbo. Ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀ ṣe é lò fún orúwo, ahùn, ewúro tàbí ewékéwé tó bá wù yín.

## Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan. Ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: igi wo, ẹ̀yà ara igi wo, àìsàn wo, àti báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó.

"Awópa dára fún ara" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé eépo awópa tí a sè nínú omi ń dín kòkòrò ibà kù lára eku ju èyí tí a rẹ sínú ọtí lọ?" Ìbéèrè nìyẹn. Bí gbólóhùn yín bá ní "àwọn àìsàn oríṣiríṣi" nínú, ẹ padà lọ kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí àwọn tó ṣáájú ti ṣe. Ewúro àti dóńgóyárò, wọ́n ti fi ṣe iṣẹ́ débi pé ó ṣòro láti rí ohun tuntun sọ, àfi tí ìbéèrè yín bá mú dáadáa.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n

Ní Ìbàdàn, ọjà Bódè ni mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ẹni tó bá wà ní ìlú mìíràn á mọ ibi tí àwọn ẹlẹ́gbòogi àti lẹ́kulẹ́ja ìlú rẹ̀ máa ń pàtẹ sí.

1. Kí ẹ tó lọ, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà nílò àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ń rò pé eku nìkan ló nílò rẹ̀.
2. Ẹ kí wọn bó ti yẹ, kí ẹ sì ra nǹkan. Ẹni tó jókòó ti ọjà rẹ̀ láti àárọ̀ kò jẹ yín ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.
3. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má kọ orúkọ àwọn, ẹ má kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní apá kan jẹ́ àṣírí ìdílé, ẹ fi í sílẹ̀. Àdéhùn Nagoya, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014, sọ pé ẹni tó ni ìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lò ó, kí èrè sì kàn án.
4. Ẹ bi ó kéré tán ẹni mẹ́ta tí kò sí lórí àtẹ kan náà. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ sọ ni ẹ ó gbé ìwádìí yín lé.

Àwọn ìbéèrè tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín:

- Orúkọ mélòó ni igi yìí ní? Kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú yín?
- Eépo ni, ewé ni, àbí egbò? Tútù tàbí gbígbẹ?
- Kí ni ẹ ń fi sè é tàbí rẹ ẹ́? Fún ìgbà wo?
- Kí ni ẹ ń pa pọ̀ mọ́ ọn?
- Ife wo ni ẹ ń mu, ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́? (Ẹ ní kí wọ́n fi ife náà hàn yín. Ẹ wọn iye omi tó ń gbà.)
- Ta ni kò gbọ́dọ̀ mu ún? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan ti mu ún jù?

Ìbéèrè nípa ohun tí wọ́n fi ń sè é ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, òun gan-an ló sì níyì jù. Omi lásán, omidùn, ògógóró, omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi tí wọ́n ju kán-ún sí: ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà jáde lára igi yàtọ̀ síra. Ẹ wo omidùn. Ó kan, ìyẹn ni pé ásíìdì wà nínú rẹ̀. Èròjà tó pọ̀ nínú àwọn igi kíkorò wa ni alkaloid, ọ̀pọ̀ alkaloid kì í sì í fẹ́ yòrò nínú omi lásán. Bí wọ́n bá ti bá ásíìdì pàdé, wọ́n á di iyọ̀, wọ́n á sì yòrò. Ìyá tó ní kí ẹ fi omidùn rẹ egbò, iṣẹ́ tí ìwé kẹ́mísírì ń kọ́ wa ló ń ṣe yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fún un ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti China wá. Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà, wọ́n sì ń se ewé Artemisia annua. Èsì wọn ń lọ sókè sódò. Obìnrin náà padà sí ìwé ìṣègùn kan láti ọwọ́ Ge Hong, èyí tó ti lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún. Ohun tó rí níbẹ̀ ni pé kí a rẹ ẹ̀kúnwọ́ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu ún. Kò sí iná níbẹ̀. Bó ṣe gbà pé ooru ló ń ba oògùn náà jẹ́ nìyẹn. Ní 1971 ó lo ether, tó ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 35, dípò omi híhó, iṣẹ́ sì délẹ̀. Artemisinin tó wà nínú oògùn ibà tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lónìí, ibẹ̀ ló ti wá. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ìbéèrè "kí ni ẹ ń pa pọ̀ mọ́ ọn" náà kì í ṣe ti ẹ̀yẹ. Niprisan, oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn NIPRD ní Àbújá ṣiṣẹ́ lé lórí, igi mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni àdàlù náà ti wá. Ẹni tó bá mú iyèré nìkan lọ sí láàbù lè padà wá wí pé kò ṣiṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Orúkọ igi

Ibí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ibí ni mo ti fara gbọgbẹ́.

Iṣẹ́ àṣekágbá tèmi, mo ra egbò tí wọ́n ti lọ̀ kúnná lórí àtẹ kan. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní í yọ mí lẹ́nu láti gún. Mo fi oṣù mẹ́rin yọ èròjà, mo ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n kọ ìwé, olùkọ́ mi ní kí n gba nọ́ńbà voucher wá, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ẹ̀ka igi tí a fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí orúkọ rẹ̀. Mo gbé ọ̀rá lẹ́búlẹ́bú náà lọ sí herbarium, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ. Bàbá tó wà níbẹ̀ ṣí ọ̀rá náà, ó wò ó, ó wo ojú mi, ó ní: "Ọmọ mi, o lọ igi tán, o wá ní kí n máa pe orúkọ rẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun.

Orúkọ ìbílẹ̀ nìkan kò tó. Ewéko tí àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pe òun kan náà ní ewé Awólọ́wọ̀. Ó kù sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí bàbá yín ṣe. Orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ti igi méjì. Ohun tí àṣìṣe yìí lè dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìtọ́jú kan ń fún àwọn obìnrin ní oògùn láti dín sísanra kù. Ewéko kan tó ń jẹ́ Stephania ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lédè China sún mọ́ ti Aristolochia, wọ́n sì fi Aristolochia rọ́pò rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kíndìnrín wọn bà jẹ́. Jẹjẹrẹ tún mú lára wọn. Irú ewéko Aristolochia wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín náà, wọ́n ń pè é ní akọ igún lórí àtẹ. Bí ẹ bá rí i nínú àdàlù tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé, ẹ fi lọ olùkọ́ yín kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ẹ bẹ ẹni tó ń já eépo náà kó mú yín dé ìdí igi. Eépo orí àtẹ kò ní ewé, kò ní òdòdó, kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀.
2. Ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé. Bí òdòdó tàbí èso bá wà lára rẹ̀, ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ padà wá ní àsìkò rẹ̀.
3. Ẹ ya fọ́tò: gbogbo igi, ewé níwájú àti lẹ́yìn, eépo ìta, àti ibi tí ẹ ti fi ọ̀bẹ há eépo díẹ̀. Ti awópa, ibi tí ẹ há náà á tàn ní àwọ̀ ìyeyè.
4. Ẹ tẹ́ ẹ̀ka náà sáàárín bébà ìròyìn, ẹ fi páálí sí òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ dì í ní okùn pinpin. Ẹ máa pààrọ̀ bébà náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ ní àsìkò òjò, ewé dúdú tó ti bu ló máa bá níbẹ̀.
5. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́, ibi (GPS fóònù yín tó), irú ilẹ̀, gíga igi, orúkọ ìbílẹ̀, orúkọ ẹni tó já a, àti nọ́ńbà tiyín.
6. Ẹ gbé e lọ sí herbarium. Èyí tó wà ní iléeṣẹ́ ìwádìí igbó FRIN ní Jericho, Ìbàdàn, ni FHI. Yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti ti Èkó ní tiwọn. Ẹ gba nọ́ńbà voucher, kí ẹ sì fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.
7. Ẹ yẹ orúkọ tí wọ́n bá fún yín wò lórí Plants of the World Online, ìkànnì orúkọ ewéko ti ọgbà ewéko Kew. Orúkọ máa ń yí padà. Enantia chlorantha ni ìwé àtijọ́ ń pe awópa. Ní báyìí, Annickia ni wọ́n ń kọ. Vernonia amygdalina, ìyẹn ewúro, ti di Gymnanthemum. Ẹ fi orúkọ méjèèjì wá iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìlàjì rẹ̀ á fò yín.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Kíkó àti sísá

Ẹ má bó eépo yí igi po. Igi tí a bó yíká á kú, awópa kò sì pọ̀ nígbó mọ́. Ẹ gé e ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní òró, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ wo ibi tí ẹ ti ń kó o. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan kéde pé àwọn rí tramadol, oògùn apanirora, nínú egbò ẹgbẹsì ní àríwá Kamẹrúùnù, pé igi ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Gbogbo ayé hó. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ mìíràn lọ síbẹ̀, tí wọ́n bá tramadol nínú ilẹ̀ àti omi àdúgbò náà. Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ń lò ó, àwọn sì ń fún màlúù àwọn kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tiwa hàn kedere: ẹ má kó ewé lẹ́bàá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, tàbí nínú oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn apakòkòrò sí. Ẹ kó láti ibi tó ju ẹyọ kan lọ.

Sísá:

- Ẹ fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ kúrò kíákíá, ẹ má rẹ ẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ yọ lè bá omi lọ.
- Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.
- Ibòji ni kí ẹ sá a sí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Oòrùn ọ̀sán gangan ń ba ọ̀pọ̀ èròjà jẹ́, pàápàá ewé olóòórùn bí ẹfinrin.
- Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìgbẹ́wé, kó má kọjá ìwọ̀n ooru 40.
- Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín kù mọ́ ni ó gbẹ.
- Ẹ má dì í sínú ọ̀rá kó tó gbẹ. Mo ti rí eépo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tó di irun funfun láàárín òru mẹ́ta.

Bó bá gbẹ tán, ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́búlẹ́bú, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ pa á mọ́ sínú òkùnkùn. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ fọ ẹ̀rọ ìlọta tí ẹ bá yá kí ẹ tó lò ó. Ata rodo kì í ṣe ara ìwádìí yín.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Yíyọ èròjà rẹ̀

Ohun tí a ń pè ní extract ni oje tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí omi tàbí ọtí bá ti gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́nà méjì ó kéré tán: bí àwọn ẹlẹ́gbòogi ṣe ń ṣe é, àti bí láàbù ṣe ń ṣe é. Ẹ fi wọ́n wéra.

1. Ẹ wọ̀n gíráàmù 100 lẹ́búlẹ́bú sínú ìgò ńlá. Ẹ da líta kan ethanol tàbí methanol lé e.
2. Ẹ dé e, ẹ máa mì í lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún wákàtí 72. Ti awópa, ọtí náà á di àwọ̀ ìyeyè kí ẹ tó parí mímì àkọ́kọ́.
3. Bó bá jẹ́ omi ni ẹ lò, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí 24 lọ, kó sì wà nínú fíríìjì. Ooru wa kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó kan.
4. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ mọ́súlìnì sẹ́ ẹ, lẹ́yìn náà bébà asẹ́ Whatman nọ́ńbà 1.
5. Ẹ fi rotary evaporator fa ọtí kúrò ní ìwọ̀n ooru 40. Ti omi, ẹ̀rọ freeze-dryer ló dára jù.
6. Ẹ wọ̀n ohun tó kù. Bó bá jẹ́ gíráàmù 8.4 ni ẹ rí nínú 100, ìdá 8.4 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láìsí i, ẹ kò ní lè padà sọ iye eépo tó wà nínú ìwọ̀n tí ẹ fún eku.
7. Ẹ pa á mọ́ sínú fíríìjì, nínú ìgò tí iná kò lè tàn wọ̀.

Bí kò bá sí rotary evaporator, ẹ da á sínú abọ́ pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sórí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí fáànù máa fẹ́ sí i, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde síta. Ó máa pẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe é.

Ìkìlọ̀. Methanol kì í ṣe ọtí mímu, ó ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Hexane àti ether ń gbaná láti ọ̀nà jíjìn: kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, àbẹ́là tàbí ìṣáná nítòsí. Ẹ má sì tọ́ extract wò láé, ẹ̀báà jẹ́ ti ewé tí ẹ ń jẹ nílé. Ewúro inú ọbẹ̀ àti ewúro tí a fi methanol yọ kì í ṣe ẹgbẹ́.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àyẹ̀wò àwọ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá ló ní àtẹ tó kún fún àmì ìròpọ̀: alkaloid, saponin, tannin, flavonoid, ìyẹn orúkọ oríṣi èròjà inú igi, gbogbo wọn "wà". Igi wo ni wọn kò sí? Àtẹ yẹn kò sọ pé igi yín ń wo àìsàn kankan. Ẹ fi ṣe atọ́nà lásán:

- Ẹ mi extract pẹ̀lú omi. Bó bá fófòó tí ìfófòó náà kò sì rọlẹ̀, saponin ló dà bẹ́ẹ̀.
- Ẹ kán omi àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Dragendorff sí i. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ ọsàn bá rọ̀ sílẹ̀, alkaloid lè wà níbẹ̀.
- Ẹ kán ferric chloride sí i. Bó bá dúdú bí aró tàbí bí ewé, tannin tàbí irú rẹ̀ ni.

Ẹ máa ní ìgò kan tí kò ní extract nínú, àti ọ̀kan tó ní ohun tí ẹ mọ̀ dájú, láti fi wéra.

Pàkúté kan wà fún àwọn tó bá mú awópa. Ìwé á ní kí ẹ fi kán-ún láàbù, ìyẹn ammonia, sọ omi náà di alkali, kí ẹ wá fi chloroform fa alkaloid jáde. Palmatine àti jatrorrhizine tó wà nínú awópa kì í gbọ́ bẹ́ẹ̀. Agbára iná mànàmáná (charge) wà lára wọn nígbà gbogbo, yálà omi kan tàbí kò kan, nítorí náà inú omi ni wọ́n ń jókòó sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá da omi àwọ̀ ìyeyè nù, á gbé chloroform tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan nínú lọ fún eku, á sì kọ ọ́ pé awópa kò ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀lé àwọ̀ ìyeyè náà. Bí ẹ bá ní pátákó TLC, tí a fi ń ya àwọn èròjà inú extract sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ tan iná UV 365 sí i nínú òkùnkùn: ilà ìyeyè tó ń tàn yòò ni ẹ ń wá.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ṣé ó ṣiṣẹ́?

Fún ibà, ohun tí ọ̀pọ̀ láàbù wa lè ṣe ni àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́rin lára eku funfun. Plasmodium berghei, kòkòrò ibà ti eku, ni wọ́n ń lò. Kì í ran ènìyàn.

1. Ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ lórí lílo ẹranko kí ẹ tó ra eku.
2. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò májèlé, láti mọ ìwọ̀n tó léwu.
3. Ẹ pín eku sí ọ̀wọ́, márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ojú yàn wọ́n. Ẹ ṣẹ́ gègé.
4. Ẹ fún gbogbo wọn ní ẹ̀jẹ̀ tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò wà nínú wọn.
5. Ọ̀wọ́ kan á gba ohun tí ẹ fi po oògùn nìkan, ọ̀kan á gba chloroquine, àwọn yòókù á gba extract ní ìwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fún wọn ní kòkòrò, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra.
6. Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìrù, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹ fi aró Giemsa kùn ún, ẹ kà á lábẹ́ máíkírósíkóòbù. Ẹni tó ń kà á kò gbọdọ̀ mọ eku tó jẹ́ ti ọ̀wọ́ wo.

Àwọn àṣìṣe tí mo ń rí lọ́dọọdún:

- Kò sí ọ̀wọ́ tí kò gba oògùn. Kí lẹ wá fẹ́ fi wé kí?
- Ìwọ̀n tó pọ̀ yamùrá. Ẹni tó rọ mílígíráàmù 100 nínú mílílítà kan sórí bakitéríà, tí bakitéríà sì kú, iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìgò, bí extract kò bá ṣiṣẹ́ ní nǹkan bíi máíkírógíráàmù 100 nínú mílílítà kan sísàlẹ̀, ẹ má pariwo.
- DMSO, omi tí a fi ń yòrò extract, tó pọ̀ jù. Òun fúnra rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ẹ máa lo ìwọ̀n kan náà nínú ìgò control, èyí tí kò ní extract.
- DPPH, àyẹ̀wò antioxidant. Omi àlùkò yẹn á di ìyeyè fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ewé tó wà láyé. Ẹ má torí ìyẹn kọ ọ́ pé ẹ ti rí oògùn jẹjẹrẹ.
- Fífi èsì tí kò dára pamọ́. "Kò ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n yìí, bí a ṣe ṣe é yìí" jẹ́ èsì. Ẹ kọ ọ́.

Bó bá ṣiṣẹ́ tí ẹ sì fẹ́ mọ èròjà tó ń ṣe é, ẹ ó fi hexane, ethyl acetate, butanol àti omi pín extract náà sí wẹ́wẹ́, ẹ ó tún dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ẹ ó máa tẹ̀lé èyí tó ṣiṣẹ́ jù. Nígbà mìíràn, agbára náà á pòórá bí ẹ ṣe ń pín in, nítorí àwọn èròjà náà ń ran ara wọn lọ́wọ́. Mímọ àwòrán èròjà náà gan-an gba ẹ̀rọ NMR àti ti mass spectrometry, kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ wá alábàáṣiṣẹ́pọ̀, kí ẹ kọ àdéhùn kí ìgò tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní ilé eku, iṣẹ́ ṣì wà. Ẹ lè ra eépo "awópa" lórí àtẹ mẹ́wàá, kí ẹ fi TLC yẹ̀ wọ́n wò láti mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ẹ lè fi àgbo sísè, àgbo rírẹ àti ti omidùn wéra, láti mọ èyí tó ń fa alkaloid jáde jù. Èmi fẹ́ràn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju àtẹ àmì ìròpọ̀ lọ.

## "Ṣé mo lè máa tà á?"

Rárá, kò tíì yá. Eku mẹ́fà kì í ṣe ènìyàn. Nọ́ńbà NAFDAC tí ẹ ń rí lára ìgò àgbo náà, ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò.

## Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: Ẹ padà sí ọjà

Ẹ kọ èsì yín sí ojú ewé kan lédè Yorùbá, ẹ mú un lọ fún àwọn tí ẹ bi léèrè. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìyá tó kọ́ mi nípa awópa fetí sí mi títí mo fi sọ pé mílígíráàmù 200 fún kílò kan ara eku dín kòkòrò náà kù. Ó fi èékánná há eépo tó wà níwájú rẹ̀, ó wo àwọ̀ ìyeyè náà, ó wá bi mí pé: "Ife mélòó nìyẹn?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò wọn ife rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ ó ṣe ṣe ìṣirò náà nìyí, fún ìfiwéra nìkan, kì í ṣe ìwọ̀n mímu: ẹ fi 12.3 pín ìwọ̀n eku láti rí ti ènìyàn. 200 á di nǹkan bíi 16 fún kílò kan. Ẹni tó wọ̀n kílò 60 á jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 976. Lẹ́yìn náà, ẹ bu àgbo ìyá náà, bó ṣe sè é gan-an, kún ife rẹ̀ kan, ẹ fa omi rẹ̀ gbẹ, ẹ wọ̀n ohun tó kù sí ìdí abọ́. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó lọ bá a.